Ṣé Èmi Ni Màá Tú Ilé Ẹ̀gbọ́n Mi Ká?

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan. Mo gé e kúrú, mo sì yọ gbogbo ohun tó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a mọ̀ kúrò nínú rẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje, wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi. Níbi tí mo ti ń wẹ̀ ẹ́ ni mo ti rí àpá lẹ́yìn itan rẹ̀ méjèèjì. Àwọn kan ti ń jiná, àwọn kan ṣì pọ́n. Ó ní òun ṣubú. Nígbà tó yá, ó ní, 'Àǹtí, ẹ má sọ fún Dádì pé ẹ rí i.' Mo sọ fún ìyá wa. Ìyá wa ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé bàbá ọmọ ló ni ọmọ, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí ọmọ náà padà sílé. Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi, òun ló rán mi níwèé. Bí mo bá lọ sọ, ṣé wọn ò ní gba ọmọ náà lọ pátápátá? Ṣé òbí ò wá ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ọmọ rẹ̀ mọ́ ni? Ṣé èmi ni màá tú ilé ẹ̀gbọ́n mi ká?"

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé ẹ ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n ṣe léṣe nínú ilé àti àwọn òbí tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, n kò sì rántí ọdún kan tí ẹnì kan kò bi mí ní irú ohun tí ẹ bi mí yìí. Èyí tí kò ṣeé fi dọ̀la ni màá kọ́kọ́ dáhùn.

Ẹ sọ ọ́ fún àwọn tí òfin gbé ọ̀rọ̀ ààbò ọmọdé lé lọ́wọ́ níbi tí ẹ wà, kí ọjọ́ mẹ́ta yẹn tó pé. Ẹ ò nílò ẹ̀rí kí ẹ tó sọ ọ́. Ìfura tó nídìí ti tó, ẹ sì ti ní in. Ọmọ tó bá ṣubú, orókún, ojúgun, àtẹ́lẹwọ́ tàbí iwájú orí ló máa ń fi gbálẹ̀. Ẹ̀yìn itan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ṣòro láti fi ìṣubú ṣàlàyé. Ojú ọgbẹ́ tó ti ń jiná pẹ̀lú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà lè ju ọjọ́ kan lọ. Èyí tó wá wúwo jù lójú tèmi ni "ẹ má sọ fún Dádì pé ẹ rí i." Ọmọ tó ṣubú kì í bẹ èèyàn pé kó má sọ.

Ẹ má gbé ọmọ náà pamọ́ o. Ẹ sọ ọjọ́ tó yẹ kó padà fún wọn, kí wọ́n lè pinnu kí ọjọ́ náà tó kò. Bí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ tún pè. Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà ń tiro, tàbí ìrora rẹ̀ pọ̀, tàbí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n tàbí dúdú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lónìí, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ wò ó, ẹ ò tíì mọ ẹni tó na ọmọ yìí. Èmi náà ò mọ̀. "Ẹ má sọ fún Dádì" lè jẹ́ pé Dádì ló nà án. Ó sì lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ni, tí ẹ̀rù ohun tí Dádì máa ṣe bó bá gbọ́ sì ń bà á. Mo ti rí èkejì yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá lọ sọ kò tíì dájọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè ló gbé lọ fún àwọn tó láṣẹ láti béèrè. Ìyá yín tó ní kí ẹ pa ẹnu mọ́ gan-an ló ti dájọ́: wọ́n ti gbà pé ẹ̀gbọ́n yín ló jẹ̀bi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ bò ó.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, torí òun ló gba orí lẹ́tà yín.

"Bàbá ọmọ ló ni ọmọ." Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu bàbá, lẹ́nu ìyá, lẹ́nu àgbà ẹbí, nígbà mìíràn lẹ́nu ọlọ́pàá tó yẹ kó mọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ náà sì ṣe pàtàkì débi pé n kò fẹ́ kí ẹ jù ú nù. Kò yẹ kí ìjọba kàn máa wọ ilé onílé kó ọmọ lọ bó bá ṣe wù wọ́n. Wọ́n ti ṣe é rí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn tó ni ilẹ̀ yẹn ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n fi máa ṣòfin tó dá a dúró lọ́dún 1978, ìwádìí tó dé iwájú àwọn aṣòfin fi hàn pé ó tó ọmọ kan nínú mẹ́rin tí kò sí lọ́dọ̀ ìdílé rẹ̀ mọ́. Àwọn tó kó wọn lọ yẹn náà ní àwọn ń dáàbò bo ọmọ ni.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú kí òfin máa ṣọ́ ìjọba náà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní ogúnjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1989. Abala 9 rẹ̀ sọ pé a ò gbọdọ̀ ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi bí àwọn aláṣẹ tí ilé ẹjọ́ lè yẹ ìpinnu wọn wò bá rí i pé ire ọmọ náà ló sọ ọ́ di dandan. Abala yẹn kan náà fi ìlòkulò àti àìbìkítà ṣe àpẹẹrẹ ìgbà tó lè di dandan. Abala 19 wá pa á láṣẹ fún ìjọba pé kó dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ìwà ipá gbogbo, títí kan ti òbí tó ń tọ́ ọ. Ìwé kan ló sọ méjèèjì, àwọn tó kọ ọ́ ò sì rí i bí ẹni tó ń tako ara rẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n fún òbí níbẹ̀, ẹ̀tọ́ láti tọ́ ọmọ sọ́nà ni. Ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé kó lè máa ṣọ́ ọ, bó bá fi kọ́kọ́rọ́ náà kó ẹrù inú ilé, kò lè máa sọ pé òun ló ṣáà ni kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí òṣùwọ̀n ni wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ wa: òbí lápá kan, ọmọ lápá kejì, bí ọ̀kan bá lọ sókè èkejì á wálẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Ọmọ gan-an ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní ẹ̀tọ́ ìdílé. Òun ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyá rẹ̀, sí àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, sí ìyá yín tó jẹ́ ìyá àgbà rẹ̀, sí ẹ̀yin àǹtí rẹ̀. Bí a bá gbà á lọ láìnídìí, òun la kọ́kọ́ jà lólè. Bí a bá fi í sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú, òun náà ni. Ìbéèrè tó wá kù ni pé, kí ni ìgbésẹ̀ tó kéré jù tí ọmọ yìí fi lè sùn láìléwu lálẹ́ òní, tí kò sì ní pàdánù ju ohun tó pọn dandan lọ?

Ojú ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́, bí àwa àgbà bá lè kà á. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Victoria Climbié nígbà tó kú ní London ní oṣù kejì ọdún 2000. Mọ̀lẹ́bí bàbá rẹ̀ tó gbà á tọ́, pẹ̀lú ọkùnrin tí obìnrin náà ń bá gbé, ni wọ́n lù ú pa. Ojú ọgbẹ́ 128 ni wọ́n kà lára òkú rẹ̀. Lord Laming tó wádìí ọ̀rọ̀ náà gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2003, ó sì tọ́ka sí ìgbà 12 tí àwọn tó yẹ kó gba ọmọ náà là ìbá ti gbà á là. Ohun kan wà nínú àbọ̀ yẹn tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ náà máa ń nàró ṣánṣán bíi ṣójà níwájú àwọn méjèèjì tó ń tọ́ ọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó rí i rò pé bóyá bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn. Ẹ̀rù ni. Wọ́n rí ẹ̀rù lójú ọmọ, wọ́n pè é ní ẹ̀kọ́ ilé.

Mi ò lè dá wọn lẹ́bi kí n mú ara mi kúrò. Ní ọdún kẹta tí mo wọṣẹ́, mo lọ sílé kan nítorí ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún. Bàbá rẹ̀ gbé àga fún mi, ó ń pè mí ní mà, ó dá mi lóhùn ìbéèrè gbogbo láìbínú. Mo bi ọmọ náà ní ojú bàbá rẹ̀ pé ṣé kò sí nǹkan. Ó ní kò sí. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mo kọ "kò séwu" sínú fáìlì, mo sì lọ sílé. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú apá tó ti kán. Láti ọjọ́ náà, n kì í bi ọmọ ní ohunkóhun níwájú ẹni tí wọ́n fi sùn, bó ti wù kí ẹni náà mọ ìwà hù tó.

Àṣìṣe òdìkejì náà wà, bí mi ò bá sì sọ ọ́, mo ti rẹ́ ẹ̀gbọ́n yín jẹ. Lọ́dún 1987, ní agbègbè Cleveland ní àríwá England, dókítà méjì sọ láàárín oṣù díẹ̀ pé wọ́n ti bá ọmọ 121 ṣe ìṣekúṣe. Àmì kan tí wọ́n rí lára ni wọ́n gbára lé jù. Wọ́n kó àwọn ọmọ kúrò nílé, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n sì wá dá padà lẹ́yìn náà. Adájọ́ Elizabeth Butler-Sloss tó wádìí rẹ̀ kọ ọ́ lọ́dún 1988 pé èèyàn ni ọmọ, kì í ṣe nǹkan tí à ń ṣàníyàn lé lórí. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú àwọn ọmọ yẹn ti jìyà lóòótọ́. Ìkánjú ló da tiwọn pọ̀ mọ́ ti àwọn tí ohunkóhun kò ṣe, tí kò fi sẹ́ni tó mọ èwo ni èwo mọ́. Èmi fúnra mi ti bá wọn lẹ́nu gbígba ọmọ jòjòló kan lọ nítorí àwọ̀ búlúù tó wà ní ìdí rẹ̀. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọ̀ wọn dúdú ló ní àmì yẹn, ó sì máa ń parẹ́ bí wọ́n bá ń dàgbà. Ìlà kan péré tí nọ́ọ̀sì kọ sínú káàdì rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọjáde láti ilé ìgbẹ̀bí ló gba ìyá yẹn sílẹ̀.

Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù ti dá irú ẹjọ́ méjèèjì. Lọ́dún 2001, wọ́n dá ìjọba Britain lẹ́bi nítorí ọmọ ìyá mẹ́rin. Àwọn aláṣẹ mọ̀ fún ọdún mẹ́rin ààbọ̀ pé ebi ń pa àwọn ọmọ náà débi pé wọ́n ń wá oúnjẹ nínú garawa ìdọ̀tí ilé ìwé, wọn ò sì gbà wọ́n. Lọ́dún 2019, wọ́n dá ìjọba Norway lẹ́bi nítorí ọmọ kan tí wọ́n gbà ní jòjòló: ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ lọ́dún ni wọ́n fi jẹ́ kí ìyá rí i, wọ́n wá fi í fún àwọn ẹlòmíràn ṣọmọ pátápátá, láìsí pé wọ́n sapá tọkàntọkàn láti dá wọn padà fún ara wọn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé bí ìjọba bá ti dá sí i, ó tán nìyẹn, òfin fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà pọ̀ láàárín kí a fi ọmọ sílẹ̀ àti kí a gbà á lọ.

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Ó dùn mí pé àwa òṣìṣẹ́, adìyẹ la sábà máa ń kọ́kọ́ gbé sá lọ. Ọmọ la ó gbé kúrò nílé rẹ̀, kúrò ní ilé ìwé rẹ̀, kúrò lórí ibùsùn rẹ̀, ẹni tó nà án á sì wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ tó kù. Òfin àwọn ibì kan ti gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní England, àṣẹ pàjáwìrì tí adájọ́ lè fún wọn lórí ọmọ kò ju ọjọ́ 8 lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 kún un. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1996 wá jẹ́ kí adájọ́ lè pàṣẹ pé ẹni tí wọ́n fura sí ni kó jáde nílé, kí ọmọ dúró, bí àgbàlagbà mìíràn bá wà nínú ilé náà tó lè tọ́jú ọmọ tó sì gbà láti ṣe é. Bí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bá wà níbi tí ẹ wà, ẹ béèrè fún un. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n tí kì í dárúkọ rẹ̀ àfi tí èèyàn bá béèrè.

Bí ilé yẹn kò bá ṣeé dúró sí rárá, mọ̀lẹ́bí tó ṣeé gbára lé ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wo àjèjì. Ìyẹn ni pé ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ yín. Ẹ rò ó dáadáa kí wọ́n tó bi yín. Wọ́n á yẹ ilé yín wò, wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ yín lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n yín tó rán yín níwèé lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ní alẹ́ ọjọ́ kan, kó ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni òun fẹ́ fi rí ọmọ òun. Bí wọ́n bá ti ní kò gbọdọ̀ rí i láìsí ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n, ṣé ẹ lè sọ pé rárá? Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ tètè sọ fún wọn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Mo ti rí àǹtí tó fẹ́ràn ọmọ gan-an, tí àánú bàbá ọmọ sì ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Èyí tó le jù ni kí ọmọ lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ tí kò mọ̀ rí. Ó máa ń gba ẹ̀mí là, mo ti fọwọ́ sí i lọ́pọ̀ ìgbà, n ò sì kábàámọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmọ́ mo mọ ohun tó ń náni. Mo mú ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan lọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ tó láàánú, yàrá mọ́, ibùsùn dára. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò gbà kí wọ́n bọ́ bàtà rẹ̀ bó bá fẹ́ sùn. Alágbàtọ́ rò pé agídí ni. Nígbà tí mo jókòó tì í tó pẹ́, ó ní bí ìyá òun bá dé láàárín òru, òun ò ní rí bàtà òun wọ̀ kíákíá, ìyá òun á sì máa lọ. Ọmọ tí wọ́n lù nínú ilé yẹn ni o. Kò sí bí wọ́n ṣe na ọmọ tó tí ìyá rẹ̀ ò ní máa wù ú.

Nítorí rẹ̀ ni n kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ kí òbí àti ọmọ máa rí ara wọn. Àdéhùn tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sọ pé ọmọ tí wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti máa rí wọn déédéé, àfi bó bá lè pa á lára. Àkókò náà ṣe kókó. Ọdún kan lójú ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta, ìdá mẹ́ta ayé rẹ̀ ni. Òfin Amẹ́ríkà ti 1997 ní bí ọmọ bá ti lo oṣù 15 nínú oṣù 22 lọ́wọ́ alágbàtọ́, kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ láti fòpin sí ẹ̀tọ́ òbí, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Mo mọ ohun tó fà á: wọn ò fẹ́ kí ọmọ máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn títí tó fi dàgbà. Ṣùgbọ́n aago yẹn ń lù fún òbí tó ń gbìyànjú àti èyí tí kò gbìyànjú bákan náà, ó sì burú jáì fún òbí tí wọn ò tíì sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún. Bàbá kan mú lẹ́tà rẹ̀ wá fún mi rí. Wọ́n kọ síbẹ̀ pé kó fi hàn pé òun ti yí padà. Ó bi mí pé, "Mà, kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe lọ́la, láago mẹ́jọ àárọ̀?" N kò rí èsì fún un. A padà lọ béèrè, ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó lè dárúkọ nǹkan mẹ́rin tó ṣeé ṣe. Ó ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Bó bá di ẹjọ́ fún ẹ̀gbọ́n yín, ohun tó tọ́ sí i nìyí, ẹ̀yin náà sì lè bá a jà fún un láìdalẹ̀ ọmọ: kí wọ́n sọ ẹ̀sùn náà fún un ní èdè tó gbọ́, kí ó ní agbẹjọ́rò, kí adájọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n fún un ní ìwé ohun tó gbọ́dọ̀ yí padà àti ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí ìjọba bá fẹ́ já okùn òbí àti ọmọ pátápátá, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ le. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ lọ́dún 1982 pé ẹ̀rí tó mọ́lẹ̀ kedere tó sì dáni lójú nìkan ló lè ṣe é, pé kí ìwọ̀n kàn tẹ̀ díẹ̀ sí apá kan kò tó. Èmi gbà bẹ́ẹ̀. Láti dáàbò bo ọmọ lálẹ́ òní, ìfura tó nídìí tó. Láti gba ọmọ lọ́wọ́ òbí títí ayé, ó gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn tó bá da méjèèjì pọ̀ ló máa ń ṣìnà, yálà kí wọ́n dúró de ẹ̀rí títí ọmọ á fi kú, tàbí kí wọ́n fi ìfura lásán tú ilé ká.

Wọ́n á sọ fún yín pé ìbáwí ni. Orílẹ̀-èdè Sweden fòfin de nínà ọmọ lọ́dún 1979, àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é, ó sì ti lé ní ọgọ́ta orílẹ̀-èdè tó ti tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó kù ṣì gba ìbáwí láyè. Ṣùgbọ́n nínà tó bó ọmọ lára, tí àpá tuntun ń hù lórí ti àná, n ò mọ adájọ́ kan tí mo ti dúró níwájú rẹ̀ rí tó pè é ní ìbáwí. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi òṣì bo ọ̀rọ̀ yìí tàbí kí wọ́n fi kún un. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ rí ni aṣọ tó ya, àpò ìwé tó ti gbó, ọmọ tó rù nítorí pé owó ò sí, ìrànlọ́wọ́ ni ilé bẹ́ẹ̀ nílò. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2009 sọ ọ́ gbangba pé òṣì nìkan kò gbọdọ̀ jẹ́ ìdí tí wọ́n fi máa gba ọmọ. Ohun tí ẹ rí kì í ṣe òṣì.

Ọ̀rọ̀ ìyá yín wá kù, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ bá mi kí wọn. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ọmọ àwọn méjì máa kọ̀yìn síra wọn, ìbẹ̀rù gidi sì ni. Ẹ̀gbọ́n yín lè bínú sí yín fún ọdún kan, fún ọdún mẹ́wàá. Mi ò lè ṣèlérí pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àwọn tó padà wá dúpẹ́, mo ti rí àwọn tí kò padà wá mọ́. Ẹ má lọ bá ẹ̀gbọ́n yín sọ ọ́ ṣáájú, bó ti wù kó máa ṣe yín bíi pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Bó bá jẹ́ òun ló nà án, ọmọ ló máa fara gbá a pé ó tú àṣírí. Bí kì í bá ṣe òun, àwọn tó máa ṣèwádìí á bi í, ó sì máa rí àyè sọ tirẹ̀.

Pẹ̀lú ọmọ náà, ẹ má ṣe ọlọ́pàá. Ẹ má bi í pé, "Ṣé Dádì ló nà ẹ́?" Ẹ má tún un bi lẹ́ẹ̀mẹta kó lè dá yín lójú, ẹ má sì jẹ́ kí ìyá yín náà bi í. Ní California lọ́dún 1983, wọ́n bi ọ̀pọ̀ ọmọ jéléósinmi kan ní ìbéèrè tí èsì ti wà nínú rẹ̀, wọ́n bi wọ́n títí àwọn ọmọ fi ń sọ ohun tí àgbà fẹ́ gbọ́. Ọdún méje ni ẹjọ́ yẹn fi jà, ó parí lọ́dún 1990 láìsí ẹnì kan tí wọ́n dá lẹ́bi, kò sì sẹ́ni tó tún lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ tàbí tí kò ṣẹlẹ̀. Bí ọmọ náà bá fúnra rẹ̀ sọ nǹkan, ẹ fetí sílẹ̀, ẹ ní, "Mo ń gbọ́ ẹ." Ìyẹn tó. Ẹ má ṣèlérí fún un pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ìwé àti bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tí ẹ wà, ohun tí ẹ̀yin sọ àti ohun tí òun sọ, ní ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bó bá ní "nǹkan gígùn yẹn," ẹ kọ "nǹkan gígùn yẹn," ẹ má kọ bẹ́líìtì.

Àwọn tó máa wá bá a sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bi í ní ohun tí òun náà fẹ́, ẹ rán wọn létí bí wọ́n bá gbàgbé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí mo bá pàdé fẹ́ kí nínà dúró, wọn ò fẹ́ kí bàbá lọ. Nígbà mìíràn, ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. Nígbà mìíràn, kò ṣeé ṣe, a sì ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ tí ó lè gbé sùn.

Ó lè bi yín pé ṣé wọ́n máa mú Dádì òun. Ẹ má purọ́ fún un. Ẹ sọ fún un pé, "Mi ò tíì mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìwọ kọ́ lo fà á, o ò sì ṣe ohun tó burú bí o ṣe jẹ́ kí n rí i." Bó bá tún bi yín lọ́la, ẹ tún un sọ bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ gbólóhùn rẹ̀ yẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago tó sọ ọ́. Òwúrọ̀ ọ̀la, ẹ pè wọ́n.